Káìtì Olópòó Kan Lórí Omi Wa: Ohun Tí Ojú Kọ́kọ́ Rí

Ẹni tó bá ń fi káìtì, aṣọ ńlá tó ń gba atẹ́gùn lókè tó sì ń fi okùn fa ẹni tó dúró lórí pátákó, sáré lójú omi láti Èkó dé Lomé mọ̀ pé atẹ́gùn líle kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Atẹ́gùn tí kò tó ni. Atẹ́gùn gúúsù-ìwọ̀-oòrùn tó ń ti orí òkun wá lọ́sàn-án sábà máa ń wà láàárín knot 8 sí 14, ìyẹn kìlómítà 15 sí 26 ní wákàtí kan. Nígbà tó bá di oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án ló máa ń lágbára díẹ̀ sí i. Káìtì tí wọ́n rán fún Cape Town tàbí Tarifa, níbi tí atẹ́gùn ti máa ń le kankan, kì í rí agbára tó lò níbí. Yóò wúwo lókè, yóò máa wá ilẹ̀ bọ̀, ẹni tó dì í mú á sì dúró nínú omi tó mù ún dé àyà láìlọ síbì kankan.

Ibẹ̀ ni káìtì olópòó kan ti wọlé. Ozone Alpha, F-One Breeze àti Duotone Mono wà lára irú rẹ̀. Wọn kò rí bákan náà pátápátá, àmọ́ èrò kan náà ló wà nídìí wọn: ká yọ òpó ẹ̀gbẹ́ kúrò, ká fi ti àárín nìkan sílẹ̀, kí ohun tó ń fò lókè lè fúyẹ́. Èrò yẹn la fẹ́ yẹ̀ wò níbí, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára aṣọ. Nítorí ẹni tó ń kánjú, ẹ jẹ́ ká sọ ìdájọ́ ṣáájú: ẹni tó ń gun pátákó fọ́ìlì, èyí tó ní ìyẹ́ lábẹ́, kò ní kábàámọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń gun pátákó pẹlẹbẹ, tó sì wúwo ju kílò 85 lọ, kó má tíì yọ owó lápò.

Òpó tí à ń wí yìí kì í ṣe igi tàbí irin. Káìtì orí omi ní ọ̀pá ńlá kan níwájú tó tẹ̀ kọrọdọ, tíúbù wà nínú rẹ̀, a sì máa ń fi pọ́ǹpù fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Àwọn òpó kéékèèké, tí àwọn náà ní tíúbù tiwọn, jáde lára ọ̀pá yìí, wọ́n na aṣọ lọ sẹ́yìn. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní ilẹ̀ Faransé, Bruno àti Dominique Legaignoux, ló forúkọ irú káìtì yìí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọpọlọ tiwọn ní 1984. Nígbà tó di 1997, wọ́n gbé e wá sọ́jà lórúkọ Wipika. Tíúbù kì í jẹ́ kó rì, nítorí náà bó bá já lu omi, ó ṣeé gbé dìde padà. Òpó ní tirẹ̀ ló ń di aṣọ mú kó má yẹ̀ kúrò ní bí wọ́n ṣe gé e. Márùn-ún wọ́pọ̀ nígbà kan, mẹ́ta ló wá gbòde, àwọn kan sì ti yọ gbogbo rẹ̀ kúrò pátá. Èyí tí kò ní òpó rárá fúyẹ́ jù lọ lóòótọ́, àmọ́ ó máa ń pariwo lókè, ó sì máa ń tètè ká po bí okùn bá dẹ̀. Kan ṣoṣo ni àdéhùn tó bọ́gbọ́n mu láàárín méjèèjì.

Inú àpò ni ìyàtọ̀ ti kọ́kọ́ hàn. Ìwọ̀n 12, mítà onígun mẹ́rin 12 ni wọ́n ń wí, tó jẹ́ olópòó mẹ́ta tí wọ́n fi Dacron, irú aṣọ líle kan, rán ọ̀pá rẹ̀, sábà máa ń ju kílò 3 lọ. Olópòó kan tí ìwọ̀n wọn dọ́gba máa ń fi nǹkan bí ìdajì kílò fúyẹ́ jù ú. Ìdajì kílò kò jẹ́ nǹkan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ní knot 9, nígbà tí agbára tó ń gbé káìtì dúró kò pọ̀, òun ló ń pinnu bóyá yóò dúró lókè tàbí yóò wálẹ̀. Ó tún ká kéré. Ó wọ inú àpò ẹ̀yìn lásán, ọlọ́kadà kò sì ní rí ohun tó máa fi béèrè owó ẹrù.

Kí ẹ tó sanwó, ibi mẹ́ta ni kí ojú yín wà. Àkọ́kọ́ ni ìṣẹ́tí ẹ̀yìn aṣọ. Lára káìtì olópòó mẹ́ta, òpó ẹ̀gbẹ́ máa ń na ìṣẹ́tí yìí; lára eléyìí, kò sí ohun tó ń nà án láti àárín dé ìkangun apá, nítorí náà á máa gbọ̀n. Ẹ wá èyí tí wọ́n fi Dacron tẹ́ẹ́rẹ́ ṣẹ́ ní ìlọ́po méjì, tí wọ́n sì ki àwọn pẹlẹbẹ líle kéékèèké bọ ibi tó máa ń gbọ̀n jù. Bó bá jẹ́ pé wọ́n kàn ká aṣọ po ni, tí wọ́n fi ìránṣọ kan ṣoṣo gbà á kọjá, ìṣẹ́tí náà kò ní pẹ́ rọ̀ lójú oòrùn tiwa.

Èkejì ni oríta tí òpó ti pàdé ọ̀pá iwájú. Wàhálà tí òpó mẹ́ta ìbá pín láàárín ara wọn, ibẹ̀ ni ó kó jọ sí. Ẹ wò ó bóyá wọ́n fi aṣọ líle kún un nínú àti lóde. Ẹ tún wo rọ́bà kékeré tó ń gbé afẹ́fẹ́ láti ọ̀pá iwájú wọ inú òpó: kí ohun tí wọ́n fi dè é le, kí rọ́bà má sì lọ́. Ibi rọ́bà yìí wà lára ibi tí káìtì ti máa ń jò jù lọ. Ẹyọ kan ló wà lára eléyìí dípò mẹ́ta, èrè tí a kì í gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń polówó rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìjánu, àwọn okùn tín-ín-rín tó so ọ̀pá iwájú mọ́ okùn gígùn tó wá sí ọwọ́ ẹni tó ń darí rẹ̀. Bó bá ní púlì, ẹ fọwọ́ yí i wò. Yanrìn máa ń wọ inú púlì. Púlì tó bá ti há kì í yí mọ́, okùn á máa ha ara mọ́ ọn títí yóò fi já, ojú òkun ló sì máa ń já. Èyí tó jẹ́ pé òrùka lásán ni okùn ń gbà kọjá rọrùn láti tọ́jú. Lọ́wọ́ ẹni tó ń darí rẹ̀, á le díẹ̀ ju ti elépúlì lọ, ṣùgbọ́n níbi tí kò sí ilé ìtajà tí wọ́n ti ń ta púlì kékeré bẹ́ẹ̀, àwa yóò yan òrùka.

Fífẹ́ afẹ́fẹ́ sí i ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe dáadáa. Nígbà tí òpó mẹ́ta wà, ọ̀pá iwájú tó rọ̀ díẹ̀ ṣì lè dá dúró. Níbí, ọ̀pá iwájú àti òpó kan ni gbogbo egungun tó wà lára rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ inú wọn kò bá tó, àárín ọ̀pá yóò tẹ̀ wọlé nígbà tí ẹ bá fa ọ̀pá ìdarí tó wà lọ́wọ́ yín, káìtì á ká bí ìwé, á já lu omi. Nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ fẹ́ wà lára aṣọ nítòsí fáàfù: àwọn ńlá, láti 12 lọ sókè, sábà máa ń gba 6 sí 7 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣe le tó), àwọn kékeré, bíi 7 àti 8, lè gba 8 sí 10, nítorí ọ̀pá wọn tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé abẹ́rẹ́ ara pọ́ǹpù pátápátá. Bí ẹ ti ń tì í ló ń fò sókè, ohun tó kà nígbà yẹn kì í ṣe ti inú káìtì. Ẹ dá ọwọ́ dúró kí ẹ tó kà á. Kí ẹ tún fi ìka ta ọ̀pá iwájú: kó dún gbọ̀ngbọ̀n, kó má dún pọ̀tọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ di ìkangun apá kan mú, kí ẹ gbìyànjú láti tẹ̀ ẹ́ wá sí àárín. Bó bá ṣẹ́ ní irọ̀rùn, tó sì fa ìlà síbi tó ti ṣẹ́, afẹ́fẹ́ kò tíì tó.

Oòrùn ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òdìkejì. Ẹ ká ní ẹ fẹ́ káìtì dé 8 psi nígbà tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wà ní ìwọ̀n ooru 25. Bó bá sùn sórí yanrìn láìfò títí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fi gbóná dé 55, yóò ti kọjá 10 psi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan pọ́ǹpù. Ojú ìránṣọ ló máa ń sanwó rẹ̀. Bí ẹ kò bá ní tètè gbéra, ẹ tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi kún un padà nígbà tó bá yá. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ kó máa lu ara rẹ̀ nínú atẹ́gùn ní etíkun. Gbígbọ̀n yìí ló ń pa ohun tí wọ́n fi kun aṣọ kó má baà gba afẹ́fẹ́, aṣọ olópòó kan sì ń gbọ̀n ju ti ẹlòmíì lọ. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, kí ẹ ko yanrìn púpọ̀ lé àárín rẹ̀, kì í ṣe ìkangun nìkan.

Bó ṣe ń fò ńkọ́? Agbára atẹ́gùn kì í kàn pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú iyára rẹ̀. Ìlọ́po ìlọ́po ló ń lọ. Láti knot 10 sí 14, agbára tó wà nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Láti 10 sí 8, ó ju ìdá mẹ́ta lọ tó sọnù. Ìdí nìyí tí atẹ́gùn kékeré fi ṣòro lò tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí náà tí fífúyẹ́ fi ṣe pàtàkì níbẹ̀. Ní knot 9 sí 10, tí olópòó mẹ́ta bá ti ń wo ilẹ̀, ìwọ̀n 12 olópòó kan ṣì máa ń gun òkè lọ dúró lórí olówó rẹ̀. Ó ń yí kíákíá, nítorí kò sí òpó tó wúwo ní ẹ̀gbẹ́ apá rẹ̀. Ẹ lè fi gbá òkè gbá ilẹ̀ láti wá agbára, ohun tí káìtì ńlá olópòó mẹ́ta máa ń fi ọ̀lẹ ṣe. Okùn mítà 24 ló bá a mu jù ní irú atẹ́gùn yìí. Ti 20 kò fún un ní àyè tó láti sáré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yá jù lọ́wọ́.

Lórí fọ́ìlì ni ó ti fi ara hàn jù. Fọ́ìlì ni ìyẹ́ tó wà lábẹ́ pátákó, lórí ọ̀pá gígùn, tó ń gbé pátákó kúrò nínú omi. Bí pátákó bá ti dìde, ìwọ̀nba agbára ló nílò, ó sì lè sáré ju atẹ́gùn fúnra rẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹ bá wá sáré lọ sí ìhà káìtì, bí ẹni tó ń bá ìgbì bọ̀ wá sílé, okùn máa ń dẹ̀. Káìtì tó wúwo á já nígbà yẹn. Olópòó kan máa ń léfòó sẹ́yìn lọ pẹ̀lú atẹ́gùn títí okùn yóò fi le padà. Ó níbi tó mọ o. Bí okùn bá dẹ̀ pátápátá ju ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì lọ, tí káìtì sì wà gan-an lókè orí, yóò kọjá lórí yín, yóò dojú délẹ̀, yóò já. Ẹ jẹ́ kó máa wà ní ìhà kan, kó má dúró sí agbede méjì òkè.

Àìsàn tó ń ṣe é jù lọ ni fífà sẹ́yìn. Ẹni tó ń wá agbára ní atẹ́gùn kékeré máa ń fa ọ̀pá ìdarí mọ́ra títí. Okùn ẹ̀yìn á fa ìṣẹ́tí aṣọ wálẹ̀, afẹ́fẹ́ kò ní gba orí aṣọ kọjá dáadáa mọ́, káìtì á dúró, á máa fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ nílẹ̀. Lọ́jọ́ tó jẹ́ tuntun ó lè má ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, okùn iwájú, tó ń gbé ẹrù jù, á ti nà díẹ̀; okùn ẹ̀yìn kò nà tó bẹ́ẹ̀, ó wá dà bíi pé ó kúrú. Olówó rẹ̀ á ní káìtì ti gbó, kò sì gbó. Ẹ so orí okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ òpó tó dúró ṣinṣin, ẹ tú okùn ìdín-agbára sílẹ̀ pátápátá, kí ẹ fa ọ̀pá ìdarí mọ́ra pẹ̀lú agbára tó dọ́gba lọ́wọ́ méjèèjì. Bí okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dọ́gba, gbogbo wọn á le bákan náà, ọ̀pá ìdarí á sì dúró gbọọrọ láìtẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyàtọ̀ sẹ̀ǹtímítà méjì tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ lára irú káìtì yìí.

Bó bá dọ́gba tó ṣì ń fà sẹ́yìn, ẹ lọ sí okùn kúkúrú tó wà ní ìkangun apá, níbi tí okùn ẹ̀yìn ti ń so mọ́ káìtì. Kókó bíi mẹ́ta ló sábà máa ń wà lára rẹ̀. Ẹ kúrò ní èyí tó sún mọ́ káìtì, ẹ lọ sí èyí tó jìnnà sí i, kókó kan lẹ́ẹ̀kan, lápá méjèèjì bákan náà. Ìyẹn yóò mú kí okùn ẹ̀yìn gùn sí i. Ẹ gbé e lọ sókè orí, ẹ fa ọ̀pá ìdarí wá mọ́ra pátápátá fún bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Bó bá dúró, ó ti tó. Bó bá ṣì ń bọ̀ sẹ́yìn, ẹ tún lọ kókó kan. Ẹ má lọ jù, nítorí okùn ẹ̀yìn tó gùn jù á jẹ́ kí ìṣẹ́tí máa gbọ̀n gan-an, káìtì á sì máa yí lọ́ra.

Ohun rere tí a ti ń wí látẹ̀yìn, knot 15 ni òpin rẹ̀ fún ìwọ̀n 12. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Láàárín knot 17 sí 20, aṣọ tí kò ní òpó ní ẹ̀gbẹ́ máa ń wú sókè ju bí wọ́n ṣe gé e lọ; ibi tí agbára kó jọ sí lára rẹ̀ á sún sẹ́yìn, ọ̀pá ìdarí á wúwo lọ́wọ́, bí ẹ bá sì jọ̀wọ́ rẹ̀, ìṣẹ́tí á bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara rẹ̀ bí aago. Olópòó mẹ́ta tí ìwọ̀n wọn dọ́gba kì í ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó kọjá ibẹ̀ dáadáa. Ẹni tó fẹ́ràn kó máa fò lọ sókè kó ra olópòó mẹ́ta tàbí márùn-ún, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Olópòó kan máa gbé yín sókè, ṣùgbọ́n kò ní gbé yín dúró, ẹ ó sì wálẹ̀ kíákíá ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ìjì òjò ni kí ẹ fi sọ́kàn jù lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti ní ìparí rẹ̀, àwọsánmà dúdú máa ń ti ìlà-oòrùn wá, atẹ́gùn òkun á kọ́kọ́ kú, lẹ́yìn náà ìjì á já wọlé láti ìlà-oòrùn lójijì, agbára rẹ̀ á sì fò sókè láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Káìtì tí wọ́n rán fún atẹ́gùn kékeré kò ní ibi tó máa kó irú ìyẹn sí. Ìgbà tí atẹ́gùn bá kú yẹn ni kí ẹ gbé e wálẹ̀, kí ẹ tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Ẹ má dúró de òjò. Ọyẹ́ ní tirẹ̀ ń ti àríwá-ìlà-oòrùn wá. Ní etíkun wa tó kọjú sí gúúsù, á máa ti èèyàn lọ sí àárín òkun. Àárọ̀ ọyẹ́ kì í ṣe àárọ̀ káìtì.

Gbígbé e dìde láti ojú omi ni ẹ̀bùn tó ya ni lẹ́nu jù. Bó bá já, ọ̀pá iwájú rẹ̀ á dojú bolẹ̀ sójú omi. Ẹ jọ̀wọ́ ọ̀pá ìdarí, ẹ di okùn ẹ̀yìn kan mú, ẹ fà á díẹ̀díẹ̀. Ìkangun apá kan á dìde, á mú atẹ́gùn, káìtì á yí lọ sí ẹ̀gbẹ́, á sì gòkè. Ní knot 9, níbi tí olópòó mẹ́ta ti máa ń lẹ̀ mọ́ omi, eléyìí ṣì máa ń dìde bí ẹ bá ní sùúrù. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni fífà jù: nítorí ìkangun apá rẹ̀ rọ̀, ó lè wọ inú okùn, kí káìtì wá yí mọ́ ara rẹ̀ nígbà tó bá gòkè. Nígbà yẹn, ẹ má bá a jà. Ibi tí a ń tì láti já káìtì sílẹ̀ ni kí ẹ tì, kí gbogbo rẹ̀ tẹ́ lórí okùn iwájú kan.

Ọ̀sà tàbí òkun? Bó bá jẹ́ pé fọ́ìlì lẹ fẹ́, ọ̀sà ló wu ojú, torí kò sí ìgbì tó ń fọ́ sétí yanrìn. Ṣùgbọ́n ọ̀pá fọ́ìlì máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 75 sí 90, omi tí kò bá ju mítà kan àti ààbọ̀ lọ kò sì ní gbà á bí ẹ bá ṣubú. Apá púpọ̀ nínú ọ̀sà Èkó kò jìn. Àwọ̀n àti igi tí àwọn apẹja kàn mọ́lẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ní adágún Nokoué lẹ́gbẹ̀ẹ́ Cotonou, àwọn apẹja máa ń fi ẹ̀ka igi kan ọgbà ẹja tí wọ́n ń pè ní akaja sínú omi, igi rẹ̀ kì í sì í hàn tán lójú omi. Ẹ bi apẹja ibẹ̀ léèrè kí ẹ tó gbé fọ́ìlì wọlé. Oko ẹlòmíràn ni ẹ fẹ́ gbà kọjá. Ní etí òkun, fún ẹni tí kò tíì mọ fọ́ìlì gùn dáadáa, ìgbì etí yanrìn tiwa á gba pátákó náà lọ́wọ́ rẹ̀, á sì fi lù ú. Ẹ fi pátákó pẹlẹbẹ ńlá bẹ̀rẹ̀. Ní Cotonou, pápákọ̀ òfurufú kò jìnnà sí etíkun, okùn mítà 24 kò sì gbọdọ̀ wà níbi tí bàálù ń gbà wálẹ̀. Grand-Popo tí yanrìn rẹ̀ fẹ̀, tí ilé kò pọ̀ létí òkun, ló rọrùn jù fún ẹni tó ń kọ́ káìtì tuntun.

Àtúnṣe rẹ̀ ṣeé ṣe níbí, ṣùgbọ́n ẹ má gbé tíúbù rẹ̀ fún fọkanáísà. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi lẹ tíúbù kẹ̀kẹ́ àti mọ́tò kì í mú TPU, irú ike rírọ̀ tí wọ́n fi ṣe tíúbù káìtì. Á lẹ̀ lójú, á tú lójú omi. Àlẹ̀mọ́ TPU tí wọ́n ń tà fún káìtì ni kí ẹ kó sílé, márùn-ún tàbí mẹ́fà, kò wọ́n. Bí tíúbù bá ń jò, ẹ fà á jáde, ẹ fẹ́ ẹ díẹ̀, ẹ da omi ọṣẹ sí i títí ẹ ó fi rí ibi tó ń hó, ẹ sàmì sí i, ẹ fọ iyọ̀ àti ọṣẹ kúrò, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá lẹ̀ ẹ́. Kí ẹ tó fà á jáde, ẹ so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ìkangun rẹ̀ méjèèjì, òun ni ẹ ó fi fà á wọlé padà. Ẹni tó bá gbàgbé ìyẹn á lo ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ láti máa wá ẹnu ọ̀nà. Tẹ́lọ̀ lè rán aṣọ tó ya, bí ẹ bá kọ́kọ́ fi téèpù aṣọ ọkọ̀ ojú omi lẹ̀ ẹ́ lójú méjèèjì, tó lo òwú polyester, tí ìránṣọ rẹ̀ sì jẹ́ oníwọ́kọwọ̀kọ. Òwú lásán á jẹrà nínú iyọ̀.

Ní ti ìwọ̀n, ẹni kílò 65 sí 75 lórí fọ́ìlì á rí ìgbádùn nínú 9 láti knot 12 sí 17, nínú 12 láti knot 9 sí 14. Bí owó bá mọ sí ẹyọ kan, ẹ ra 12. Ẹni kílò 90 lórí fọ́ìlì náà á lè lo 12 náà, bó bá ti tó knot 11. Lórí pátákó pẹlẹbẹ, ẹ fi knot mẹ́rin tàbí márùn-ún kún gbogbo nọ́ńbà yìí, ẹ ó sì rí i pé ọ̀pọ̀ ọjọ́ níbí ni kò ní tó.

Ní Yúróòpù, ìwọ̀n 12 tuntun máa ń ju Yúrò 1,000 lọ láìka ọ̀pá ìdarí àti okùn rẹ̀ mọ́ ọn, èyí tó lè gba Yúrò 400 sí 600 mìíràn. Bí ẹ bá ń ra àlòkù lọ́wọ́ ẹni tó ń ti ìlú òyìnbó bọ̀, ẹ gbé aṣọ rẹ̀ sókè sí oòrùn láti rí ihò kéékèèké, ẹ fọwọ́ rún un díẹ̀ kí ẹ gbọ́ bóyá ó ṣì ń dún, ẹ fẹ́ ẹ dé 6 psi lálẹ́, kí ẹ jẹ́ kó sùn nínú ilé mọ́jú. Bó bá rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ń jò, ẹ dín owó rẹ̀. Kí ẹ wo ọ̀pá ìdarí náà: èyí tí wọ́n ṣe gẹ́gẹ́ bí ìlànà àgbáyé ISO 21853, tó jáde ní 2020, ni kí ẹ wá, nítorí òun ló sọ bí ohun tí a fi ń já káìtì sílẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ so ó mọ́ òpó níbi tí ẹ ti ń rà á, ẹ fi gbogbo ìwọ̀n ara yín fà á, kí ẹ sì tì í. Bí kò bá já lọ́wọ́ kan ṣoṣo ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.